Orí Kẹrin: Ẹni Tí Kò Tíì Fọnu

"Kílò mẹ́rin ló fi lé," Làmídì wí, ó sì na ìka sí ojú òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu-ọ̀nà igbó, níbi tí nọ́ńbà pupa ti ń ṣẹ́jú. "Fadékẹ́mi, kí lo kó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù yìí lónìí?"

Fadékẹ́mi ń fa etí tapólì tó bo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń tún un ṣe. Kílò mẹ́rin. Ó mọ ibi tí kílò mẹ́rin ti wá. Ẹ̀kọ gbígbóná abọ́ méjì láràárọ̀ ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì tí Bàbá rẹ̀ fi ìka lá títí dé ìsàlẹ̀ àwo lánàá. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá kan náà yìí ni wọ́n ń bẹ̀ kó tó la ẹnu gba ṣíbí kan. Ìlera tí Fadékẹ́mi ń fi ojoojúmọ́ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ló fẹ́ wá tú àṣírí rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Bátìrì tuntun ni, Bọ̀dá Làmídì," ó wí. "Ti tẹ́lẹ̀ ò gbé ẹ̀rọ Baba Ẹ-kú-iṣẹ́ dé ìdajì ọ̀nà mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé tó bá kú sínú igbó, èmi náà ni wọ́n máa ní kí n pọ̀n ọ́n wálé."

Làmídì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà yìí, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan abẹ́ igi rí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Ẹni tó bá ti gbé Ìlú Ìbòrí pẹ́, tó ń jí sábẹ́ òrùlé, tó ń rìn lábẹ́ òrùlé, tó sì ń sùn sábẹ́ òrùlé, á mọ irú ojú bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò tún sùn," Fadékẹ́mi wí.

"Láti ìjẹta ni. Àyà mi á kàn máa lù kì, kì, kì, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n ní àrùn ògiri ni, àmọ́ tèmi ò tíì le tó èyí tí wọ́n ń kọ ìwé-ewé fún, kéèyàn lè wọ igbó. Wọ́n ní kí n máa lọ jókòó sí yàrá igbó." Ó pòṣé. "Yàrá igbó! Afẹ́fẹ́ inú ike, ẹyẹ inú wáyà. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ṣé wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní Tinúadé?"

"Wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀." Tinúadé ni àbúrò Bàbá obìnrin, ó ti kú láti ogún ọdún sẹ́yìn.

"Ọjọ́ mélòó ló kù tí wọ́n máa dúró níwájú ìgbìmọ̀?"

"Mẹ́jọ."

Làmídì mi orí. "Ọlọ́run á kó wọn yọ. Orúkọ ara ẹni, orúkọ ọmọ ẹni, ibi téèyàn wà. Ìbéèrè mẹ́ta péré. Ìyá mi mọ méjì."

Gbogbo ìlú ló mọ òfin yẹn. Bí èèyàn bá ti pé àádọ́rin ọdún, Ọ́fíìsì Èémí á gba ìwé-ewé rẹ̀ títí tí yóò fi lọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yege á padà sábẹ́ igi, ìdajì ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, títí tí yóò fi kú. Ẹni tó bá kùnà di ti yàrá igbó nìyẹn, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

"Ó dáa," Làmídì wí, ó nu imú. "Ìbáà jẹ́ bátìrì, ìbáà jẹ́ wúrà. Òṣùwọ̀n yìí ò gbọ́ àlàyé. Jẹ́ ká jọ ká tapólì yìí, ká yọ nǹkan kan kúrò." Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí okùn.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu!" Fadékẹ́mi tètè já báàgì tó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Inú báàgì yẹn ni kẹ́ẹ̀gì omi wà, pẹ̀lú oúnjẹ, àti ohun kan tó ṣe pàtàkì ju méjèèjì lọ, ìdì pákò tó yọ orí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ fa ẹyọ kan yọ nínú ìdì náà, àmọ́ ojú Làmídì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní ohùn fẹ́ fi pákò ṣe nínú igbó? Ó gbé gbogbo báàgì kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ géètì. Nọ́ńbà náà yí padà di àwọ̀ ewé.

"Sọ orúkọ rẹ fún ilẹ̀kùn."

"Fadékẹ́mi Adégòróyè, ẹ̀ka ohùn."

Ilẹ̀kùn mọ ohùn rẹ̀, ó ṣí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ mìíràn ní Ìlú Ìbòrí ju ohùn lọ. Ó ti kẹ̀kẹ́ wọlé, kò sì wẹ̀yìn títí tó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn padé.

*

Nígbà tó ti rin ọ̀nà tó jìnnà dáadáa, tó kọjá ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìyókù ń gbà, tó sì gba abẹ́ okùn pupa tí wọ́n fi pààlà ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, ó dúró sídìí igi arère ńlá kan lẹ́bàá odò. Ó ká tapólì.

Bàbá Adégòróyè ká jọ sínú kẹ̀kẹ́, eékún kan àgbọ̀n. Pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ ń wò yíká bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ọgbọ́n pákò yẹn ti pẹ́ kó tó wá sí Fadékẹ́mi lọ́kàn. Nínú igbó, ẹnikẹ́ni tí kò níwèé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun, bẹ́ẹ̀ Bàbá gbàgbé ohun gbogbo tán ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ẹni tó bá kí i, á dáhùn. Wọ́n lè bú u, kó má mọ̀. Wọ́n lè bi í léèrè ọ̀rọ̀, kó máa wo òkè. Àmọ́ kí i báyìí, kíá ló ti dá ọ lóhùn, á sì tún béèrè ilé, ọmọ àti ìyàwó. Fadékẹ́mi ti gbìyànjú láti kọ́ ọ pé kó panu mọ́. Ó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, asán ni. Ìgbà tó wá di ọjọ́ kan láàárọ̀, ó rí i tí Bàbá ń rún pákò lójúlé, aládùúgbò kí i, Bàbá kàn gbé ọwọ́ sókè ni, ó ń tọ́ka sí ẹnu. Kò tíì fọnu. Àgbà wo ló ń fi ẹnu àìfọ̀ kí èèyàn?

Láti ọjọ́ náà, kì í jẹ́ kí Bàbá fọnu kí wọ́n tó kúrò nílé. Pákò á wà lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí wọ́n bá fi wà lábẹ́ igi. Bí èyí bá rún tán, á fún un ní òmíràn. Ìdì pákò náà ló fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì lónìí.

Ó gbé Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti igi arère. Ó wo ẹ̀gbà ìfúnpá tó wà lọ́rùn ọwọ́ Bàbá, tó ń fi àwọ̀ sọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru. Ẹ̀gbà àtijọ́ ni, ti ìyá Fadékẹ́mi kó tó kú, irú èyí tí kì í bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ó pọ́n fòò. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ilé, ó ti ń pọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jókòó. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ṣe nǹkan kan, àìṣe-nǹkan yẹn gan-an sì ni ìtọ́jú ọ̀hún. Oòrùn ń gba àárín ewé wọlé, ó ń tò sórí ẹsẹ̀ Bàbá. Omi ń lọ. Òjò àná ṣì ń kán láti orí ewé kan sí òmíràn, ilẹ̀ sì ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ẹyẹ kan ké lókè, ó dákẹ́, ó tún ké, kò ké bíi ti àkọ́kọ́. Bàbá gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Fadékẹ́mi rántí ọjọ́ tó mú un lọ sí yàrá igbó nílé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé rẹ̀. Wọ́n tan iná aláwọ̀ ewé, wọ́n fín òórùn, wọ́n sì jẹ́ kí ẹyẹ ké. Bàbá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá bi nọ́ọ̀sì pé, "Ẹyẹ yìí ò tíì jẹun ni? Kí ló dé tó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?" Nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Fadékẹ́mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo tí wọ́n sọ nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, bàbá òun ló sọ ọ́.

Ó tún wo ẹ̀gbà. Ó ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pọ́n bí epo tó ń yọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí ewé àgbàdo. Oṣù mẹ́ta ni Fadékẹ́mi ti ń rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sú u láti máa wò ó. Ọwọ́ Bàbá tó máa ń gbọ̀n nílé wà lórí itan rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọwọ́ yẹn fi katapílà wó igi fún ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí. Igi ò sì bá a jà. Ìyẹn máa ń ya Fadékẹ́mi lẹ́nu, ó sì máa ń fẹ́ mú un sunkún.

Nígbà náà ni Bàbá yán. Ó yán bí ẹni tó sùn dáadáa, ẹnu là gbàgà, pákò bọ́. Ó ta lórí gbòǹgbò, ó yí gbirigbiri, ó já sódò. Omi gbé e lọ.

*

Fadékẹ́mi na ọwọ́ sẹ́yìn láti gbé báàgì kó tó rántí pé kò sí báàgì.

Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé kó fara balẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lónìí. Baba Ẹ-kú-iṣẹ́ kì í dé ìhín àfi Ọjọ́bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yan ọ̀nà fún un, kí ló tún kù tí òun ò mọ̀ nípa rẹ̀?

Kí ló kù lóòótọ́. Ẹ̀rọ náà ò ju ahun ńlá kan lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ń rìn láìdún lórí ewé. Kò ní ojú. Wọ́n ti ṣe olójú tẹ́lẹ̀, ìrì àti ewédò bò ó lójú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ni ọ̀gá wá pe ìpàdé, ó ní báwo ni wọ́n ṣe máa mú àwọn tó ń yọ́ wọ igbó. Fadékẹ́mi, tí ẹnu rẹ̀ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ, ló fi ṣeré sọ pé, "Ẹ ṣáà kí wọn. Ta ló máa gbọ́ 'ẹ kú iṣẹ́' lẹ́nu àgbà tí ò ní dáhùn?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá, ẹni tí ohùn rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí Fadékẹ́mi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ náà pé bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kó ní ẹ kú ìrìn. Bó bá gbọ́ tí wọ́n ń walẹ̀ tàbí tí wọ́n ń gégi, kó ní ẹ kú iṣẹ́. Bí ibẹ̀ bá sì dákẹ́ jù, kó ní ẹ kú ìjókòó. Ohùn tó bá dáhùn, ó gbé e nìyẹn. Ohùn tó bá sì ti gbé, kò sí ilẹ̀kùn igbó tí yóò ṣí fún un mọ́ láyé, kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ọ. Àádọ́rùn-ún èèyàn ló ti mú. Bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Fadékẹ́mi ò mọ̀ pé kòtò ni òun ń gbẹ́ nígbà yẹn, ó rò pé àpárá ni.

Ó wo ilẹ̀ yíká. Níwájú díẹ̀, ó rí igi àtá kékeré kan, ẹlẹ́gùn-ún lára. Gbòǹgbò àtá! Orín tó dára jù lọ, tó máa ń ta ahọ́n, tó sì máa ń pẹ́ lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Bàbá pé kó dúró níbi tó wà, Bàbá sì mi orí bí ẹni tó gbọ́. Fadékẹ́mi kúnlẹ̀ sídìí igi náà, ó yọ ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń walẹ̀.

Ilẹ̀ náà rọ̀. Ó tutù. Ó ń bọ́ sáàárín ìka rẹ̀, ó dúdú, ó ní ekòló nínú. Fadékẹ́mi ò tíì fi ọwọ́ kan ilẹ̀ báyìí láti ìgbà èwe. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó kò ju wáyà àti bátìrì lọ, wàràwàrà ló sì máa ń ṣe é, kó lè yára padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ní báyìí, bó ti ń wà á lọ, òórùn ilẹ̀ ń gba imú rẹ̀ wọlé, èjìká rẹ̀ tó ti le láti oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó rí gbòǹgbò kan tó tó bí ìka, ó tẹ̀ lé e. Kò rò nípa géètì mọ́. Kò rò nípa ìgbìmọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn, ká má purọ́. Igbó ò ka ìwé, kò mọ ẹni tí wọ́n kọ òun fún àti ẹni tí wọn ò kọ òun fún. Bó ṣe ń tu bàbá lára náà ló ń tu ọmọ lára.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ohùn àgbàlagbà kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Oò, ẹ kú o, sà," Fadékẹ́mi dáhùn.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

"Ẹ ṣé o," Baba Ẹ-kú-iṣẹ́ wí. Ó dúró lórí òkúta kan lẹ́bàá odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Òjò àná ti wó afárá ìsàlẹ̀, ó ti gba òkè wá. "Mo ti mọ̀ yín. Fadékẹ́mi Adégòróyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀."

Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn okùn pupa, wọn kì í dá òṣìṣẹ́ sí. Iṣẹ́ ti lọ. Igbó ti lọ. Òun tó ti fọnu láàárọ̀, tó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́! Oṣù mẹ́ta ló fi ń ṣọ́ ẹnu ẹlòmíràn.

Àmọ́ kò ráyè káàánú ara rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó kàn. Òun ló kọ́ ọ. Ó ti sọ nínú ìpàdé yẹn kan náà pé èèyàn kì í sábà dá wọ igbó, bí wọ́n bá ti mú ẹnì kan, kí wọ́n tún kí ẹnì kejì.

"Ẹ̀yin nìkan ni ẹ wà níbí?" ẹ̀rọ náà bi í.

"Èmi nìkan ni."

"Ó dáa." Ó yí díẹ̀ lórí òkúta. Ohùn bàbá tíṣà náà tún rọ̀ sí i, ó ní ẹ̀rín nísàlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

Bàbá Adégòróyè jókòó sídìí igi arère, kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Kò sí pákò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbórí sókè.

Fadékẹ́mi ò lè dìde. Bó bá gbé ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbọ́ ibi tó ń lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti fi hàn pé òun ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan. Ó mọ iye àkókò tí ẹ̀rọ náà máa fi dúró, nítorí òun ló ní kó dúró pẹ́, ó ní àwọn àgbà kì í tètè dáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé itọ́ mì. Bàbá gbé itọ́ mì. Ètè rẹ̀ là. Fadékẹ́mi rí ahọ́n rẹ̀. Ó ń sọ nínú ọkàn pé Olúwa, ẹ gbà mí, ẹ má jẹ́ kí ìkíni ló máa pa bàbá mi.

Bàbá wò ó. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ilẹ̀, ó wo ahun onírin tó dúró lórí òkúta. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè jẹ́ẹ́, ó sì fi ìka kan kan eyín rẹ̀.

Kò tíì fọnu.

Ẹ̀rín wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Fadékẹ́mi mọ ẹ̀rín yẹn. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ tó bá pa èèyàn láyò, kó tó di pé àrùn ògiri mú un. Ó tó ọdún mélòó kan tí Fadékẹ́mi ti rí i kẹ́yìn.

"Kò sẹ́ni," Baba Ẹ-kú-iṣẹ́ wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

*

Nísinsìnyí, Fadékẹ́mi nìkan ló lè sọ̀rọ̀ nínú igbó yẹn. Wọ́n ti gbé ohùn rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n tún lè fi ṣe. Ó nu ojú, ó dìde, ó kọjú sí ẹ̀rọ náà. Nílé wọn, bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ bá ìyàwó ilé wí, adìyẹ ló máa ń bá wí. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á gbọ́.

"Baba Ẹ-kú-iṣẹ́," ó wí sókè, "ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ṣé o mọ̀nà? O ò mọ̀nà, torí pé o ò lójú. Ká ní ìwọ lo fẹ́ jáde kúrò níbí, odò yìí ni wàá máa tẹ̀ lé, kó wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Má sọdá rẹ̀. Wàá rí ilẹ̀kùn ayípo kan. Ilẹ̀kùn àbájáde kì í béèrè ohùn, ìjọba ò bìkítà ẹni tó ń jáde."

"Mi ò gbọ́ ìbéèrè yín yé," ẹ̀rọ náà wí.

"Mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè. Jẹ́ kí n parí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ọ̀nà géètì, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ewé kó lè máa dún, ẹ̀rọ náà sì ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. "Tó o bá ti jáde, ilé kẹta, ilẹ̀kùn rẹ̀ aláró. Má jókòó síta. Wọ ojúlé kejì lọ bá Ìyá Rónkẹ́ aládùúgbò. Obìnrin náà mọ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ń jókòó, á mú ọ débẹ̀. Kó o fọnu dáadáa lọ́jọ́ náà o. Kó o fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Kó o wá dá wọn lóhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi ọ́."

Fadékẹ́mi dúró níbi tí ọ̀nà ti yà, ó wẹ̀yìn.

Bàbá ti dìde. Ó di igi arère mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi í sílẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nílé, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò mọ̀nà láti yàrá dé ilé ìgbẹ́. Ó wo odò. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó wò ó, ó tún wo omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí ewé tútù bí ọdẹ àtijọ́, omi sì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìbòji tán nígbà tó dúró, tó yí padà.

Ìbẹ̀rù tún mú Fadékẹ́mi. Ó mi orí sí i, má sọ ọ́, Bàbá mi, ohun yòówù kó jẹ́, má sọ ọ́. Bàbá ò fọhùn. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Eyín òkè rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ ètè ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú u sílẹ̀, ẹnu là, ó tún padé. Kì í ṣe bí ẹnu ti ń pe Tinúadé nìyẹn. Ó tún un pè, ó fà á díẹ̀díẹ̀ kó lè yé e, bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ ara rẹ̀, kò sì sí ìró kankan nínú rẹ̀ rárá. *Fadékẹ́mi.* Ó ti tó oṣù mọ́kànlá tí ẹnu yẹn ti pè é kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá fi oríkì lé e, èyí tí ìyá rẹ̀ nìkan tún mọ̀. *Àwẹ̀ró.*

Kò sí bí Fadékẹ́mi ṣe fẹ́ ṣe é. Bàbá ẹni kì í pe èèyàn kéèyàn má jẹ́.

"Sà," ó wí, eékún rẹ̀ sì kan ilẹ̀.

Baba Ẹ-kú-iṣẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ni ẹ ń dá lóhùn?"

Ìbòji odò ti gba Bàbá, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ bí kò ṣe ewé tó ń mì. Láti ọ̀nà géètì, Fadékẹ́mi ń gbọ́ bàtà àwọn ẹ̀ṣọ́.

"Kò sẹ́ni tó pè mí," ó wí. "Mo kàn jẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn."